Lábẹ́ Afárá Rélùwéè

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 35 láti Camberwell Green lọ sí Brixton, ẹ ó gba abẹ́ afárá rélùwéè kọjá ní Loughborough Junction. Ìsàlẹ̀ afárá yẹn ni àwọn mẹkáníìkì ń lò bíi ṣọ́ọ̀bù. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lókè, gbogbo ibẹ̀ a máa mì. Níbẹ̀ ni ọmọ mi ọkùnrin ti ń kọ́ bí a ṣe ń rán awọ ìjókòó mọ́tò.

Mi ò bá ayọ̀ lọ síbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 19 ni, ó sì ti fi yunifásítì sílẹ̀. Èmi nọ́ọ̀sì tó gboyè, èmi tí mo ń wàásù, mo sọ fún un lójú àlejò pé ó dójú tì mí. Ní Sátidé kan, mo lọ láti mú un wálé.

Ọ̀gá rẹ̀, bàbá ará Jàmáíkà kan, kò bá mi jiyàn. Ó fún mi ní àjákù fáínìlì, èyí tí a ń pè ní lẹ́dà nílé, ó ní kí n jókòó sídìí máṣíìnì. “Nọ́ọ̀sì, ṣebí ẹ mọ abẹ́rẹ́ lò.”

Mo gún pín-ìn sí i bíi télọ̀, mo sì rán an wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń rán ojú ọgbẹ́. Nígbà tí mo fà á, ó ya gbọọrọ lójú rírán, bí ẹni ya sítáǹbù.

Ọmọ mi ló ṣàlàyé. “Mọ́mì, ihò tí abẹ́rẹ́ bá dá sí fáínìlì kì í dí mọ́. Kílíìpù la fi ń dì í mú, kì í ṣe pín-ìn. Àlàfo láàárín ihò kan sí èkejì gbọ́dọ̀ tó mílímítà 4 sí 5, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ya.”

Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń tú awọ àtijọ́, tí wọ́n á kọ nọ́ńbà sí abala kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tuntun, tí wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká. Ẹsẹ̀ máṣíìnì wọn ń rìn pẹ̀lú awọ, kí ti òkè má bàa sún kúrò lórí ti ìsàlẹ̀. Ìjókòó tí airbag wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn kì í fi òwú líle pa á dé, torí airbag gbọ́dọ̀ lè ya ojú rírán jáde bí nǹkan bá kọlu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo dákẹ́. Irú ìṣọ́ra tí mo fi ń pín oògùn ní wọ́ọ̀dù lọmọ yìí fi ń ránṣẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ihò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ọgbẹ́ ara a máa jinná, ojú mi ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ní bọ́ọ̀sì stọ́ọ̀pù mo ní, “Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.” Kò fọhùn títí bọ́ọ̀sì fi dé. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ ó tún wá ní Sátidé tó ń bọ̀?”

Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́fà báyìí. Èmi ni mo rán awọ ìgbórílé inú mọ́tò mi. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ya.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, Pọ́ọ̀lù mọ̀wé, síbẹ̀ ó ń pàgọ́ (Ìṣe 18:3). Kí ẹ tó bá ọmọ yín wí nítorí iṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibi tó ti ń ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí òbí yín bá dé, ẹ fún wọn ní àjákù kan, kí ẹ sì mú sùúrù kọ́ wọn.