Lẹ́yìn tí eegun ojú orúnkún bá ti padà sípò

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìbà Estate, l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Bí eegun ojú orúnkún ọmọ bá yẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òde ló sábà máa ń lọ. Wọ́n á dá a padà, ìrora á rọlẹ̀, gbogbo ilé á ní ó ti parí. Kò tíì parí rárá. Orúnkún tó wú kì í jẹ́ kí iṣan iwájú itan ṣiṣẹ́ dáadáa, iṣan yẹn gan-an ló sì ń fa eegun náà dúró sójú ọ̀nà rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, itan á ti rù. Èyí tó ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sì lè tún yẹ̀, àgàgà lára ọ̀dọ́.

Ibẹ̀ ni físíò, ìtọ́jú tó ń fi eré ìdárayá dá agbára iṣan padà, ti wúlò: ká táwẹ̀lì sábẹ́ orúnkún, fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, na ẹsẹ̀ gbọọrọ, gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

Ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbòbí ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ fún irú ìtọ́jú yìí. Ṣùgbọ́n láti Ìyànà-Ìbà dé Máìlì Tuu, dé Òṣòdì, ó ti rẹ ẹni tó ń tiro kó tó débẹ̀. Owó ọkọ̀ ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn pa físíò tì. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣe físíò kọ èyí tí ọmọ lè máa ṣe nílé sílẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì í títí á fi ṣe é tán.