Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́

Ó ń dùn mí gan-an tí òbí bá fòfin de Yorùbá nílé kí ọmọ lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6. Olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò jó rẹ̀yìn rárá. Ọmọ tó ti mọ bí a ṣe ń kíni ní Yorùbá, tó mọ bí a ṣe ń nájà, ti ní ohun tó fẹ́ sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin òbí, odindi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí a ń lò lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa bá a sọ. Ẹnu yín ni kó ti gbọ́ “went” àti “gone”, kó tó há wọn sórí nínú ìwé gírámà.