Amọ̀, Ìmọ́lẹ̀ àti Ara Èèyàn

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ojú nìkan kọ́ la fi ń dá èèyàn mọ̀.

Abúlé Ẹ̀gbá ni mo ti ń fi amọ̀ mọ ère. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, páìpù epo gbiná ládùúgbò wa, ó sì jó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn pa. Ọ̀pọ̀ òkú ni ẹbí wọn kò lè dá mọ̀. Ojú kan náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé ojú èèyàn ni n ó máa mọ.

Iṣẹ́ náà kò gba ìkánjú. Mo máa ń gún àfọ́kù ìkòkò, kí n pò ó mọ́ amọ̀ kó má baà sán bó bá ń gbẹ. Inú orí ère gbọ́dọ̀ ṣófo, kí ara rẹ̀ sì nípọn dọ́gba, torí bí omi bá há síbì kan, iná á fọ́ ọ. Ìmọ́lẹ̀ náà ní tirẹ̀. Bí gílóòbù bá dojú kọ ère, ojú ère á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ wo àwọn orí amọ̀ Ilé-Ifẹ̀ tó ti lé ní 500 ọdún, àwọn tó ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n: ẹ gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ilà kọ̀ọ̀kan á ní òjìji tirẹ̀.

Ìyá kan gbé fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó ti kú wá fún mi. Nígbà tó rí ohun tí mo mọ, ó ní, “Ọmọ mi, imú rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun kọ́.” Mo bi í léèrè irú iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe. Aláàárù ni, ẹrù ti tẹ èjìká rẹ̀ ọ̀tún wálẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ sí òsì. Mo tún èjìká àti ọrùn náà mọ, mo sì gbé iná sí ẹ̀gbẹ́. Ìyá náà pe orúkọ ọkọ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní Ọbàtálá ló mọ ara èèyàn. Ohun tí èmi fojú rí ni pé iṣẹ́ tí a ń ṣe lójoojúmọ́ náà ń bá a mọ ọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí, kí ẹ tó fọwọ́ kan amọ̀, ẹ bi ẹbí léèrè bí ẹni náà ṣe ń dúró, bó ṣe ń jókòó, ohun tó fi èjìká rẹ̀ gbé. Ibẹ̀ lẹ ó ti bá a pàdé.