Ẹgbẹ̀rún Kan ní Bajulaiye

Ní ọdún 1989, ẹni tó bá gba Bajulaiye kọjá láàárọ̀, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé Ṣómólú. Máṣíìnì ìtẹ̀wé Kord ń ké lójúlé kan, ẹ̀rọ tí ń gé pépà ń dá a lóhùn lójúlé kejì, òórùn íǹkì àti ti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń nu rólà sì gba gbogbo àdúgbò kan. Àwọn ọmọkùnrin a máa gbé rímù pépà lérí láti ìsọ̀ oníwèé lọ sọ́dọ̀ onímáṣíìnì, wọn a yà fún dáńfó, wọn a yà fún ọmọlanke, pépà kò ní jábọ́. Ṣómólú kò tíì fi iṣẹ́ ìwé títẹ̀ sílẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ariwo ìgbà náà yàtọ̀ létí mi. Bóyá nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà ni.

Ilé ìtẹ̀wé kan tí n kò ní dárúkọ ló gbà mí pé kí n wá kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àti owó wọn. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Yàrá tó wà nìkan ló tutù nínú ilé náà, aṣọ funfun ni wọ́n sì fi ń bò ó lálẹ́ bí ọmọ tuntun. dBASE III Plus ni mo fi kọ ọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń lò nígbà náà nìyẹn. Ó ní òfin kan tí n kò gbàgbé: orúkọ ohun tí a bá fẹ́ tọ́jú sínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́wàá lọ. Bí mo ṣe gé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn kúrú nìyẹn. CUST ni oníbàárà, JOBNO ni nọ́ńbà iṣẹ́, QTY ni iye. Èmi nìkan ni mo yan àwọn orúkọ náà láàárín ọjọ́ méjì. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè nísàlẹ̀, níbi tí iṣẹ́ wà gan-an.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ń tẹ máṣíìnì ló wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ̀rún kan wo lẹ kọ síbí yìí?"

Mo ní pósítà ẹgbẹ̀rún kan tó tẹ̀ ni. Kò bínú. Ó mú mi lọ sídìí Kord, ó sì fi hàn mí. Àwọ̀ kan ni máṣíìnì náà ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Pósítà aláwọ̀ mèremère ní pulétì mẹ́rin: sáyáànì, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti búláákì. Pépà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba inú máṣíìnì kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹgbẹ̀rún kan lójú ẹni tó ni pósítà, 4,000 ìmpírẹ́ṣọ̀n ni lójú ẹni tó dúró ti máṣíìnì. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ níwájú tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó di 8,000. Iye ìmpírẹ́ṣọ̀n ni wọ́n sì fi ń san owó fún un. QTY tèmi kò mọ ìyẹn. Fún oṣù méjì gbáko, ètò tí mo kọ ń jẹ ọkùnrin náà lówó, ó sì ní ìyàwó, ó ní ọmọ ní Bárígà.

Wọ́n san ohun tó kù fún un. Èmi náà tún ètò náà ṣe: mo fi QTY2 sí i. Títí di òní ni QTY2 yẹn ń dùn mí. Ọkùnrin náà ti pe iye yẹn ní orúkọ rẹ̀ létí mi, ìmpírẹ́ṣọ̀n, ọ̀rọ̀ tí gbogbo Ṣómólú mọ̀, mo sì padà sókè lọ fi 2 sẹ́yìn ọ̀rọ̀ tèmi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lẹ̀ ẹ́ kiri fún ọdún púpọ̀. Bí nǹkan tuntun bá yọjú, mo fi ìlà kan kún un. Nígbà tí 1999 ń parí lọ, tí gbogbo ayé ń páyà nítorí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń fi nọ́ńbà méjì péré kọ ọdún, mo sùn sí ọ́fíìsì lóru mẹ́ta kí 00 má baà di 1900. Ó bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa fẹ̀yìn tì, kò sí ẹlòmíràn tó lè fọwọ́ kan ètò náà. Iná a lọ, fáìlì a bàjẹ́, wọn a ní kí ọmọ kan sáré lọ pe bàbá nílé.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ olówó ilé iṣẹ́ gba àkóso. Wọ́n fẹ́ sọ ètò àtijọ́ nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ra òmíràn tó ti wà ní kíkọ tẹ́lẹ̀, owó rẹ̀ kò kéré. Ètò náà rẹwà lójú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ará Ṣómólú ń sọ. Láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo wọn ti padà sídìí ìwé àfọwọ́kọ àti ètò tèmi tó ti gbó.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n wá pè lẹ́yìn ìyẹn pé kó kọ ètò tuntun. Mo rò pé yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà ni. Ó gbé àga, ó lọ jókòó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ká pépà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń jókòó káàkiri, tó ń gbọ́, tó ń kọ sílẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó dárúkọ Eric Evans, tó kọ ìwé kan ní 2003 tí ó pè ní Domain-Driven Design. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó ń kọ ètò àti ẹni tó ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jọ máa sọ èdè kan náà, èdè yẹn gan-an ni kí wọ́n sì bá nínú ètò náà. Mo dákẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn ni mo rántí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò fipá mú gbogbo ilé sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ó bi wọ́n pé ta ni oníbàárà. Akọ̀wé iwájú ní ẹni tó wá sanwó ni. Onímáṣíìnì ní ilé iṣẹ́ mìíràn tó gbé pulétì wá ni, nítorí ní Ṣómólú, iṣẹ́ kan lè gba ọwọ́ ilé mẹ́rin kọjá kó tó di ìwé. Ẹni tí ń gé pépà ní onímáṣíìnì gan-an ni oníbàárà òun. Èmi ti da gbogbo wọn pọ̀ sínú CUST. Òun jẹ́ kí ojúlé kọ̀ọ̀kan ní oníbàárà tirẹ̀, ó sì fi ààlà sáàárín wọn kedere, kí ọ̀rọ̀ ojúlé kan má baà ya wọ òmíràn láìkan ilẹ̀kùn.

Kò sì pa ètò tèmi lọ́jọ́ kan. Ó kọ ògbufọ̀ kan sáàárín èyí tó ti gbó àti èyí tuntun: bí ti àtijọ́ bá sọ QTY2, ògbufọ̀ á sọ ọ́ di ìmpírẹ́ṣọ̀n kó tó dé ọ̀dọ̀ ti tuntun. Owó àwọn onímáṣíìnì ló kọ́kọ́ kó kúrò, lẹ́yìn náà pépà, lẹ́yìn náà gbèsè. Ó ní Martin Fowler, ará Bìrìtìkó kan, ló fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wé igi tó rí nínú igbó Ọsirélíà, ó sì kọ ọ́ ní 2004. Mo ní kó má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ọdán tí ẹyẹ gbìn sórí ọ̀pẹ lóko bàbá mi, ojú mi ló ṣe rọ gbòǹgbò sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó dì mọ́ ọ̀pẹ yíká, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí ọ̀pẹ máa kú, ọdán ti lè dá dúró.

Ó ku ìlà kan tí kò yé e. Ó lè pa á rẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ó tẹ̀ mí láago.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ètò yín kì í jẹ́ kí irú iṣẹ́ kẹta bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kọkànlá, bí oníbàárà bá jẹ kọ́bọ̀ kan?"

Ó pẹ́ kí n tó rántí. Kàlẹ́ńdà ni irú kẹta. Lọ́dún kan, ẹnìkan ní ká tẹ kàlẹ́ńdà rẹpẹtẹ, ó san ìdajì, a kò rí i mọ́. Ta ni a fẹ́ tà á fún, pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán onítọ̀hún lórí rẹ̀, tí January sì ti wọlé? Bí mo ṣe kọ ìlà yẹn nìyẹn, n kò sì kọ ìdí rẹ̀ síbì kankan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pa ètò mi, ó pè mí wá sí Bajulaiye. Ó fi ibi tó kọ òfin yẹn sí hàn mí nínú ètò tuntun. N kò kọ́ èdè kọ̀ǹpútà tó lò rí. Mo fi awò sójú, mo rí kàlẹ́ńdà, mo rí gbèsè, mo rí onímáṣíìnì, mo rí "má tíì gbé e sórí máṣíìnì". Mo kà á dé ìsàlẹ̀, ó sì yé mi.