Abẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Tà fún Oníkóńdẹ̀mù

Ọmọ àbúrò mi kan tó ń kàwé ní yunifásítì wá kí mi ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Sátidé kan. Kò tíì jókòó tó fi yọ fìlà kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e lé mi lórí itan. Àwọ̀ mẹ́fà ló wà lára fìlà ọ̀hún. Ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, ìyókù òwú ni mo fi ṣe é o, mi ò ra tuntun. Ṣé wọ́n ń ṣe irú èyí láyé ìgbà tiyín?"

Èébú ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń fi ìyókù òwú jẹun, òun ni mo fi rán ọmọ mẹ́rin níléèwé, ọmọ àná wá ń bi mí bóyá ó wà láyé ìgbà tèmi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó kàwé yóò ní òyìnbó ló kó kúróṣé, iṣẹ́ òwú tí a ń fi abẹ́rẹ́ oníkọ́ hun, wá. Òótọ́ ni. Àwọn ìyàwó míṣọ́nnárì ló ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa níṣẹ́ abẹ́rẹ́; Anna Hinderer tó dé Ìbàdàn ní 1853 wà lára àwọn tó kọ́ wọn ní aṣọ rírán. Òyìnbó pàápàá, ebi ló ti púpọ̀ nínú wọn sídìí rẹ̀: nígbà tí ànàmọ́ òyìnbó ń jẹrà lóko ní Ireland láti 1845, tí òkú ń sùn lójú títì, abẹ́rẹ́ oníkọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ fi bọ́ ilé wọn. Tèmi ni pé abẹ́rẹ́ ni òyìnbó mú wá, ọwọ́ ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ọkùnrin Ẹ̀pẹ́ tó ń tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà mọ ohun tí mò ń wí. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn lórí èyí.

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dún 1968. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú bọ́ kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Mo ti ka ìwé mẹ́fà tán nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1955. Owó iléèwé mọ́dà ni kò sí. Ìyá mi tó ń yan ẹja tà ló fà mí lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá mi.

Ọ̀gá mi ò mọ̀wé. Ọmọ ẹni tó ń hun àwọ̀n ni, láti kékeré ló sì ti ń bá bàbá rẹ̀ di ojú àwọ̀n tó bá ya. Bó ṣe di oníkúróṣé nìyí, àìmọye ìgbà ló sọ ọ́ fún wa: ìyàwó tísà kan gbé aṣọ ẹ̀yìn àga fún un pé kó bá òun fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́, ó sá a. Nígbà tó gbẹ, ó wá ẹnu òwú rí, ó fà á. Kúróṣé kì í bá ni jà. Bí o bá ti rí ẹnu rẹ̀, yóò máa tú lọ títí dé ṣéènì àkọ́kọ́. Ó tú gbogbo rẹ̀ di òwú lásán, ó ń wo bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe ń yọ kúrò nínú èkejì. Lẹ́yìn náà ló hun ún padà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà á. Ìyàwó tísà gba aṣọ rẹ̀, ó dúpẹ́, kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Orí ẹní ló máa ń jókòó, tí yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì. Mi ò rí i lórí àga rí. Kí a tó fọwọ́ kan òwú funfun, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọwọ́, torí ilé ẹlẹ́ja ni gbogbo wa ti wá, oníbàárà tó bá sì gbóòórùn ẹja lára ṣọ́ọ̀lù ọmọ tuntun kò ní padà wá. Igbá mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní fún ìyókù òwú: ti funfun, ti pupa, ti dúdú. Kò sí igbá kẹrin. Òwú tó pọ́n bí ọsàn àti èyí tó pọ́n bí iyeyè, inú igbá pupa ni wọ́n ń lọ. Búlúù àti aláwọ̀ ewé, dúdú ni. Èyí tó bá dà bí eérú, funfun. Òwú tó bá ti gùn tó ìka mẹ́rin, a kò gbọ́dọ̀ jù ú nù. Tó bá di ọjọ́ Àlàmísì, a ó da igbá sílẹ̀, a ó máa so wọ́n mọ́ra, kókó ò sì gbọ́dọ̀ hàn níta. Ẹni tí kókó rẹ̀ bá hàn, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ni orógùn yóò bá sọ̀rọ̀.

Igbá pupa ló ń di fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́. Igbá dúdú ń di ẹ̀wù òtútù àwọn apẹja tó ń lọ sódò lóru. Ti funfun la fi ń ṣe etí aṣọ tábìlì. Mo ti rí iṣẹ́ àwọn tó lọ kọ́ ìmọ̀ àwọ̀ nílé ìwé gíga. Mi ò tíì rí èyí tó bára mu tó ti obìnrin yẹn, ohun tí fìlà aláwọ̀ mẹ́fà ṣe ta mí lójú nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Sípóòkì kẹ̀kẹ́ Raleigh. Ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí ọjà ló fi fáìlì fá ẹnu rẹ̀ di ìkọ́, tó ki ìdí rẹ̀ bọ igi ọsàn. Ọ̀gá mi ní abẹ́rẹ́ gidi láti Ìlú Ọba, inú agolo ló wà, kò lò ó. Sípóòkì yẹn kò nípọn jù, kò tín-ín-rín jù, ó gba òwú kúróṣé, ó gba wúùlù. Ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń dúró sí lára igi náà ti jìn wọnú. Bí mo bá mú un, àtàǹpàkò tèmi náà á bọ́ sínú kòtò yẹn gẹ́lẹ́, àfi bí ẹni pé èmi ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún.

Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn wa. Mo lo ọdún méjì àtààbọ̀. Ní 1971 ni ọkọ mi dé. Ìkòròdú ló ń gbé, àwọn ẹbí rẹ̀ kò sì fẹ́ dúró mọ́. Mi ò ṣe fíríìdọ̀mù. Kò sí àdúrà, kò sí fọ́tò, kò sí mínírà. Lálẹ́ tí mo lọ dágbére, ọ̀gá mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ náà lélẹ̀ sórí ẹní, ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Ẹ gbọ́, ta ló ń fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọmọ iṣẹ́ tó ń lọ, bí kò bá fẹ́ kó mú un? Ó fún mi ni. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni mo gbọ́ lọ́jà Èjìnrìn pé ó ń sọ kiri pé mo jí òun lábẹ́rẹ́. Ẹni tó lè jẹ́rìí mi, ọmọ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó jókòó síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ti kú.

Wọ́n tún ní mo gba oníbàárà rẹ̀. Oníbàárà wo? Mo wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Lóòótọ́, ọnà ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó kọ́ wa ni mo fi bẹ̀rẹ̀ títà ní Sábó. Òun náà ńkọ́, ṣebí ara aṣọ ìyàwó tísà ló ti tú u?

Owó Údọjí, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, dé ní 1975. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ra àga tuntun, àga tuntun sì ń fẹ́ aṣọ. Mo hun aṣọ ẹ̀yìn àga títí ọwọ́ mi fi wú. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ la fi ń kan án kó lè dúró gbagidi. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi omi ṣúgà kan agbọ̀n kúróṣé. Ó le lóòótọ́, èèrà sì bò ó lórí tábìlì oníbàárà mi lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọmọ lórúkọ. Odidi ọdún kan ni obìnrin náà fi yan mí lódì. Nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ ológun fòfin de léèsì òkè òkun, ọjà wa tún gbéra sí i. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, òwú wọ́n bí ojú. Odògúnyán ló gbà wá là nígbà náà: ilé iṣẹ́ aṣọ wà níbẹ̀, Nichemtex wà lára wọn, àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń kó òwú tó ti ní àbùkù wá tà fún wa ní kílò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọjà Éṣíà ń ya wọlé, pàápàá láti 2005 tí àdéhùn àgbáyé tó ń fi ìwọ̀n sí òwò aṣọ parí, ilé iṣẹ́ aṣọ sì ń tì káàkiri Nàìjíríà. Mo yí sí súwẹ́tà òkìrìkà. Mò ń rà á, mò ń tú u, mò ń fọ̀ ọ́, mò ń fi òkúta rọ̀ ọ́ sórí okùn kó lè nà. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀, ọ̀gá mi ti tú aṣọ aláṣọ kí wọ́n tó bí mi.

Gbogbo ìyẹn kọ́ ló dá mi dúró. Àga aláwọ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra àga aláwọ tó ń dán, kálukú fẹ́ kí àlejò rí i. Aṣọ ẹ̀yìn àga kì í dúró lórí awọ. O gbé e lé e, ó ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Àlejò jókòó, ó di ohun tó wà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Oníbàárà mi kan, tí mo hun ti pálọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ogún ọdún, fi aṣọ tí mo fi oṣù méjì ṣe nu fáànù níṣojú mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, kò wúlò mọ́." Mi ò bínú. Mo kàn ṣíwọ́ lílọ sílé rẹ̀ ni.

Mo gbé pátákó kan sí iwájú ilé, mo kọ CROCHET sí i gàdàgbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọbìnrin mẹ́ta wọlé wá pé kí n bá àwọn dirun. Irun ni wọ́n ń pè ní kúróṣé báyìí. Àwọn onídìrí tó ń ṣe irun náà ló tún ń lo wúùlù Bràsíìlì, èyí tí wọ́n fi ń dirun. Mo bá ọ̀kan nínú wọn ní Sábó sọ̀rọ̀, ó ń kó èyí tó bá kù fún mi. Nítorí náà, bí ẹ bá rí fìlà dúdú kan tó ń dán díẹ̀ lọ́rùn pátákó mi, irun orí ẹlòmíì ló yẹ kó jẹ́.

Abẹ́rẹ́ sípóòkì náà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ọmọ ọmọ mi kan, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, kó agolo tí mo tọ́jú rẹ̀ sí mọ́ ìkòkò tó jò àti ẹsẹ̀ fáànù, ó gbé e fún oníkóńdẹ̀mù tó ń lu agogo kọjá. Súwíìtì ló fi owó rẹ̀ rà. Mo sáré tẹ̀lé ọkùnrin náà dé ọ̀nà Ṣágámù, mi ò bá a mọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ́ irin ní Odògúnyán ni ẹrù wọn máa ń lọ, ó sì ṣeé ṣe kó ti wọ inú òpó ilé ẹnì kan ní Ìkòròdú yìí. Mi ò na ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ló nà án.

Lẹ́yìn tí ìjọba tì wá mọ́lé nítorí kòrónà ní 30 oṣù Kẹta, 2020, ni àwọn ọ̀dọ́ dé sídìí iṣẹ́ yìí. Fóònù ló kọ́ wọn. Ẹ̀wù àyà, síkẹ́ẹ̀tì, báàgì, fìlà. Wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ń tà á fún àwọn tó wà ní Lẹ́kí àti lókè òkun, ní iye tí mi ò gbà lórí àga méje rí. Tírébù wọn ò dọ́gba, kókó wọn ń hàn níta bí ẹ̀gbẹ̀sì. Wọ́n ní ìyẹn ló ń fi hàn pé ọwọ́ la fi ṣe é. Ẹ dákun, kúróṣé wo ni ẹ̀rọ ti ṣe rí? Ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀, èyí tó dára àti èyí tí kò dára.

Wọ́n á ní kí ló dé tí mi ò lọ síbi ìsìnkú ọ̀gá mi. Ọ̀nà Ìtòìkín bàjẹ́ nígbà náà, kòtò rẹ̀ ń gbé ọkọ̀ mì, ẹsẹ̀ sì ń dùn mí. Mo fi owó ránṣẹ́. Mo tún fi aṣọ kan ránṣẹ́, funfun, pupa, dúdú, ó gbà mí lóṣù mẹ́ta, mi ò fi kókó kan ṣoṣo hàn. Wọ́n ní wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga tó máa ń jókòó sí.

Ọ̀gá mi kì í jókòó sórí àga.

Ọmọ àbúrò mi ṣì ń wò mí, ó ń dúró de ìdáhùn. Mo gbé fìlà rẹ̀ sókè síbi iná, mo yí i po, mo wá ẹnu òwú. Ó wà lábẹ́ etí rẹ̀ lápá òsì, ó fi kókó ràgàjì dí i. Mo tú kókó náà, mo fà á. Ọmọ náà pariwo, "Màmá! Màmá, kí lẹ ń ṣe?" Mo ní kó dìde, kó lọ bá mi gbé igbá mẹ́ta wá ní yàrá.