Ọ̀bẹ tí mo fi pa fíríìjì màámi

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ fíríìjì fún yín. Ó máa gùn díẹ̀, àmọ́ ó lè yọ yín nínú ìnáwó. Ẹ̀ṣẹ̀ kan sì wà nínú ẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màámi pè mí láti Ìbàdàn. Ẹja tútù ni wọ́n ń tà: pánlá àti ṣàwá. Wọ́n ní fíríìjì ò mú nǹkan tutù mọ́, ẹja ti ń rọ̀. Ọ̀gá kan tó ń tún fíríìjì ṣe ti wá, ó gbọ́wọ́ lé e, ó ní, "Màmá, kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti kú. ₦70,000." Mo ní kí wọ́n má tíì sanwó, mò ń bọ̀.

1. Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tí gílóòbù bá ń pọ́n bí ojú ẹni tó mutí yó, iná ò tó nìyẹn. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ á fẹ́ gbéra, á kùn, á dún "kọ́!", á dákẹ́. Tó bá yá, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ nínú iná kó tó jóná. Tí iná bá sì lọ tó dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó tàn án padà.

Lọ́jọ́ tí mo dé, iná dáa. Mo tẹ́tí sí kọ̀mpírẹ́sọ̀: ó ń kùn. Ṣé òkú máa ń kùn ni?

2. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Fíríìjì kì í dá òtútù sílẹ̀ o. Ooru tó wà nínú ẹ̀ ló máa ń kó jáde. Nínú irú ti màámi, ara irin wẹ́wẹ́ dúdú tó wà lẹ́yìn ni ooru ọ̀hún ń gbà lọ. Wọ́n ti ti fíríìjì mọ́ ògiri, eruku sì ti bo irin náà bí aṣọ òtútù. Ibo ni ooru fẹ́ gbà? Mo yọ ọ́ nínú iná, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku náà, mo fà á kúrò lára ògiri.

3. Rọ́bà etí ilẹ̀kùn. Ẹ fi owó bébà há a lẹ́nu, ẹ pa á dé, ẹ wá fà á. Tó bá le láti fà, kò séwu. Tó bá yọ wọ́ọ́rọ́, atẹ́gùn gbígbóná ń wọlé nìyẹn. Tiwa yọ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀rá ẹja ló ti bo rọ́bà. Mo fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, ó sì tún dì mú.

4. Yìnyín. Òun gan-an ló mú mi kọ gbogbo èyí. Omi inú atẹ́gùn tó ń wọlé yẹn ti di yìnyín tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Tó bá ti nípọn tó bẹ́ẹ̀, òtútù ò ní ráàyè dé ara ẹja. Kí n tó yíjú, àbúrò mi ti mú ọ̀bẹ wá. Èmi àti màámi jọ kígbe lẹ́ẹ̀kan náà: "Má fọwọ́ kàn án!"

Mo wò wọ́n. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Ẹ̀ṣẹ̀ mi rèé. Ní 2014, màámi ní kí n mú ẹran nínú fíríìjì wa àkọ́kọ́. Ẹran ti lẹ̀ mọ́ yìnyín. Mo fi ọ̀bẹ gún un, mo gbọ́ "ṣííí". Páìpù tó ń gbé gáàsì wà lẹ́yìn páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, ọ̀bẹ mi ti lù ú. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mo lọ sùn. Nígbà tí fíríìjì ò tutù mọ́, màámi sọ fún bàámi pé iná ló bà á jẹ́. Mo dákẹ́. Odidi ọdún méjì ni wọn ò fi rí ẹja tà.

Báyìí la ṣe ṣe yìnyín náà: a yọ fíríìjì nínú iná, a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, a gbé abọ́ omi gbígbóná sínú ẹ̀, a tẹ́ àkísà sílẹ̀. Ó ń já bọ́ fúnra ẹ̀. Ibi tí a ti ń dúró ni mo ti jẹ́wọ́.

Màámi rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Ẹni tó wá tún un ṣe fi ojú ihò ọ̀bẹ hàn mí."

"Kí ló dé tí ẹ fi ní iná ni?"

"Ṣé kí bàbá ẹ wá lù ẹ́ pa nítorí fíríìjì?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ẹja tó rọ̀ àmọ́ tó ṣì tutù, a dín in. Èyí tó ti ń rùn, a dà á nù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣàwá tuntun tí a kó sí i ti le bí òkúta.

Tí iná bá dáa tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ò dún rárá, tàbí tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò sì tutù, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́. Ó lè jẹ́ gáàsì.

Ẹ má fi ọ̀bẹ họ yìnyín. Ẹ sì pe màmá yín lónìí.