Ọmọ Òfì, Ọmọ Ìwé

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ti ìkíni àti ìkúnlẹ̀ nìkan ni mo ń wí, bí kò ṣe ti ọgbọ́n tí ọmọ yóò fi jẹun lọ́la.

Ìsẹ́yìn ni a bí mi sí, nídìí òfì. Mo ti mọ òwú ká kí n tó mọ ìwé kà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, lẹ́yìn náà ni mo gba ilé kéú lọ. Ládàánì ni mí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ṣùgbọ́n aṣọ òkè tí mo ń hun ni ó ń bọ́ ilé mi.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn ọmọ mi a jókòó tì mí. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń jáde lórí òfì, ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí ínǹṣì 4. Bí oníbàárà bá fẹ́ ìró tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 40, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá 2, àwọn ọmọ ni mo ń jẹ́ kí ó ṣírò rẹ̀. Nígbà kan, àbúrò sáré dáhùn pé tẹ́ẹ́rẹ́ 10 ni, ọ̀pá 20. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 14, ní, “Bàbá, ojú ìrán yóò jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á hun 11.” Mo wá bi wọ́n pé ta ni yóò san owó òwú ọ̀pá 2 tí ó lé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé a kì í dá iye lé ọjà kí a tó ka ìnáwó.

Ọmọbìnrin yìí kan náà ni ó ń kọ ìwé gbèsè wa, gẹ́gẹ́ bí Súrà Bákárà, ẹsẹ̀ 282, ti pàṣẹ kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń dáná, nítorí ebi kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin.

Ẹ̀gbọ́n mi rí èyí, ó ní kí n kúkú yọ ọmọbìnrin náà kúrò ní ilé-ìwé, kí ó dojú kọ òfì. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè ṣe é.” Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 ti sọ ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún 3 àkọ́kọ́ ní girama di dandan. Yàtọ̀ sí òfin, ara mi ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mo wá iṣẹ́ títọ́jú ilé-ìkáṣọsí nígbà kan. Mo mọ aṣọ ju ẹni tí ń bi mí léèrè lọ, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà mi kò tó wọn. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti padà. Bí ọjà òfì bá kú lọ́la, kí ni ọmọ náà yóò fi wáṣẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni n kò dá ẹni tí ó ní ìwé nìkan tó láre. Láti 1955 tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ sílẹ̀, ìwé ti wọ ilé tálákà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òbí mìíràn rò pé tíṣà ni yóò kọ́ ọmọ òun ní bí a ti ń ná ọjà, bí a ti ń mú àdéhùn ṣẹ àti bí a ti ń fọ aṣọ ara ẹni. Níbo ni tíṣà yóò ti ráyè?

Wákàtí kan péré lójúmọ́ ni mo ń bẹ̀ yín fún. Bí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé, tí ó sì ti jẹun, ẹ pè é sídìí iṣẹ́ yín, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́, ìbáà ṣe oko, ìbáà ṣe àtẹ ata. Ẹ jẹ́ kí ó wọn nǹkan, kí ó kà á, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.